Aṣọ tí ẹ rà láàárín ọdún kan: bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò tòun ti owó tó bá a lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ mọ bí òun ṣe náwó lórí aṣọ, àpapọ̀ owó ló kọ́kọ́ máa ń wá. Á ro gbogbo ohun tó jáde ní báǹkì pọ̀, á rí i pé ó pọ̀, á káwọ́ lérí, á ní òun ò ra nǹkan kan mọ́. Kó tó di oṣù kẹta, ó ti tún ń rà. Kò sí ohun tó burú nínú mímọ àpapọ̀ owó, àmọ́ kì í sọ ibi tí nǹkan ti wọ́ fún èèyàn. Ohun tó máa sọ ọ́ ni àlàfo tó wà láàárín aṣọ tí ẹ rà àti aṣọ tí ẹ ń wọ̀, àti ìdí tí ẹ fi ra èyí tí ẹ kì í wọ̀.

Iṣẹ́ náà máa gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ kan fún kíkó ẹ̀rí jọ, ọjọ́ kan fún títú kọ́bọ́ọ̀dù, ọjọ́ kan fún ìṣírò. Ẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó máa ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi ìṣírò, ibẹ̀ ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Fífi ààlà sí i

Ẹ mú oṣù 12 gbáko. Kò pọn dandan kó jẹ́ January sí December. Láti oṣù tí a wà yìí padà sí irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá náà dára. Kò kàn gbọ́dọ̀ dín sí ọdún kan ni, torí aṣọ rírà máa ń bá ojú ọjọ́ àti ayẹyẹ lọ. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà péré ṣe ìṣírò lè rò pé òun kì í ra bàtà, kó má mọ̀ pé oṣù mẹ́fà tó kù ni òun máa ń rà á.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ pinnu ohun tó wọ inú ìṣírò: aṣọ, bàtà, àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìbọ̀sẹ̀, fìlà, bẹ́líìtì, báàgì. Yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn, ó kù sọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ má yí i padà láàárín iṣẹ́. Aṣọ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ní àtẹ tiẹ̀, torí ọmọ ń dàgbà, ìdí tí a fi ń ra aṣọ fún un kò jọ tiwa rárá. Ohun tí ẹ rà fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ kò sí níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ wà níbẹ̀, kí ẹ kọ 0 síbi owó rẹ̀. Òun náà ń gba àyè nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kíkó ẹ̀rí jọ

Ẹ gba àkọsílẹ̀ oṣù 12 láti báǹkì, kí ẹ fi kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú ímeèlì àti áàpù tí ẹ fi ń rajà, kí ẹ wo ibi tí ohun tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ wà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá àwọn tó ń tajà sọ lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ṣe pàtàkì, torí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí orúkọ èèyàn kan kò ní sọ fún yín pé bàtà ni ẹ fi rà.

Àwọn ibi tí ìṣírò ti sábà máa ń dàrú nìyí:

- Ohun tí ẹ san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí tí ẹ san àsansílẹ̀ fún télọ̀ kí ẹ tó san ìyókù. Ó lè hàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní báǹkì, kí ẹ wá kọ ọ́ bí aṣọ mẹ́ta.
- Ohun tí ẹ dá padà. Owó rẹ̀ lè má wọlé títí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìlà aṣọ yẹn gan-an ni kí ẹ ti yọ ọ́ kúrò, kí ẹ má kọ ọ́ bí owó tó wọlé lásán.
- Risíìtì ilé ìtajà ńlá tí ìbọ̀sẹ̀ àti ọṣẹ jọ wà lórí rẹ̀. Ẹ yọ ti ìbọ̀sẹ̀ nìkan.
- Ohun tí wọ́n fi owó ilẹ̀ òkèèrè tà. Iye tí báǹkì yọ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tó wà lójú ìwé ọjà náà.

Owó tí ẹ fà lé èèyàn lọ́wọ́ ló le jù láti rántí. Ẹ ṣí àwòrán inú fóònù yín, kí ẹ máa wò ó láti oṣù dé oṣù. Aṣọ tuntun máa ń yọjú nínú àwòrán. Èyí tí kò bá yọjú níbẹ̀, ó máa jáde nígbà tí ẹ bá tú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ má gbàgbé àwọn owó tó rọ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ jẹ́ ká má fi orúkọ owó kankan sí i. Bí aṣọ tí ẹ gbé lọ fún télọ̀ bá jẹ́ 40, owó rírán 35, síìpù àti aṣọ abẹ́nú 8, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ 7, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Ẹni tó bá kọ 40 síbẹ̀ ti gbàgbé ohun tó ju ìdajì lọ. Bákan náà ni owó tí ẹ san kí wọ́n lè gbé ọjà wá sílé, owó tí ẹ san láti fi tún aṣọ ṣe, àti owó tí ẹ fi dá ọjà padà. Aṣọ tí ẹ rà tí ẹ kò tíì rán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń yani lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń pọ̀ nísàlẹ̀ àpótí.

Títú kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta. Ẹ wo inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, orí okùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bùùtù ọkọ̀, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀, àti lára ẹni tí ẹ yá ní aṣọ. Ẹ to èyí tí ẹ rà lọ́dún náà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kó ti àtẹ̀yìnwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ wá fi wé àkọsílẹ̀. Bí risíìtì bá sọ pé ṣẹ́ẹ̀tì 9 ni ẹ rà, tí ẹ sì rí 7, ẹ wá méjì tó kù kàn. Bí aṣọ bá wà níwájú yín tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, owó ọwọ́ lẹ fi rà á nìyẹn. Ìdánwò kan wà tí kì í parọ́: iye tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ fi èyí tó wọlé kún un, ẹ yọ èyí tó jáde, ó gbọ́dọ̀ bá iye tó wà níwájú yín mu. Bí ẹ kò bá mọ iye tó wà níbẹ̀rẹ̀, ẹ kà á báyìí, kí ẹ lè ní i fún ọdún tó ń bọ̀.

Àtẹ náà

Ìwé lásán tó, àmọ́ Google Sheets tàbí Excel á dín ìṣírò kù. Ìlà kan fún ohun kan. Ìbọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n dì pọ̀ tà jẹ́ ìlà kan; ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí wọ́n jọ rán pọ̀ jẹ́ ìlà kan. Àwọn òpó tí ẹ nílò, láti A dé L: ọjọ́ tí ẹ rà á, ohun tó jẹ́ àti àwọ̀ rẹ̀, ìsọ̀rí, ibi tí ẹ ti rà á, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, iye tí ẹ san, àwọn owó tó rọ̀ mọ́ ọn, àpapọ̀, ìdí, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, iye ìgbà tí ẹ ti wọ̀ ọ́, àti ipò tó wà báyìí.

Ìsọ̀rí kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ: aṣọ iṣẹ́, aṣọ òde, aṣọ ilé, aṣọ àwọ̀sùn, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀, aṣọ òtútù, bàtà, báàgì àti bẹ́líìtì. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ṣe é, ẹ ṣọ́ àmì ohùn. Bí ẹ bá kọ “bàtà” síbì kan, tí ẹ kọ “bata” síbòmíì, ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpapọ̀ yín á sì dín láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ìsọ̀rí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa dà á kọ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá tẹ =SUMIF(C:C,"bàtà",H:H) sí àyè òfìfo kan, á ro gbogbo owó bàtà pọ̀ fún yín; C ni òpó ìsọ̀rí, H ni òpó àpapọ̀.

Òpó ìdí ni ọkàn iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ náà ni irọ́ sì ti ń wọlé. Ẹ lo ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré:

1. Ìpààrọ̀: èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ti gbó tàbí ya.
2. Àìní: ẹ kò ní irú rẹ̀ rí, ẹ sì ti ń wá a.
3. Òde: ọjọ́ kan pàtó lẹ rà á fún.
4. Ẹ̀dínwó: owó rẹ̀ tó wálẹ̀ ló fà yín.
5. Àwòrà: ẹ rí i lára ẹlòmíì tàbí lójú fóònù, ojú yín sì wọ̀ ọ́.
6. Ìpàrònúrẹ́: inú yín kò dùn, tàbí ó ti sú yín, ẹ rà á láti fi tu ara yín nínú.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la máa ń fẹ́ kọ “àìní” sí gbogbo rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: ṣáájú ọjọ́ yẹn, ṣé mo ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wá irú nǹkan yìí rí tí n kò rí i? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìní. Ẹ tún wo aago tí owó jáde. Ohun tí èèyàn rà ní aago 11 alẹ́ lórí ibùsùn, ọjọ́ kejì tí owó oṣù wọlé, ó ṣòro kó jẹ́ ìpààrọ̀.

Iye ìgbà tí ẹ wọ̀ ọ́

Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ látọdún, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà ní April 1, tí ẹ ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí di December 31, ọ̀sẹ̀ 39 ni. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ rìnrìn àjò tàbí tí ara yín kò yá. Aṣọ òde rọrùn ju ìyẹn lọ: àwòrán á sọ fún yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ìgbà 10 ni tàbí 15, ẹ kọ 10. Bí a bá fẹ́ràn aṣọ, a máa ń rò pé a ti wọ̀ ọ́ ju bí a ṣe wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ wá fi iye ìgbà pín àpapọ̀ owó:

- ṣẹ́ẹ̀tì funfun, 60, ìgbà 30: wíwọ̀ kan jẹ́ 2
- jíǹsì, 90, owó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ 10, ìgbà 80: wíwọ̀ kan jẹ́ 1.25
- bàtà òde, 150, ìgbà 3: wíwọ̀ kan jẹ́ 50
- ẹ̀wù tí wọ́n dín owó rẹ̀ láti 50 sí 25, ìgbà 0: kò ṣeé pín, 25 ti wọlẹ̀

Ẹ kọ 0 yẹn síbẹ̀, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo máa ń jẹ́ kó dà bíi pé a ṣì máa ṣe é.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, àkísà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ọrùn rẹ̀ ya lẹ́yìn wíwọ̀ 70 ti san gbèsè rẹ̀ tán. Èyí tó yẹ kó máa kó ìtìjú bá wa ni èyí tí lébẹ́ẹ̀lì ṣì so mọ́ ọrùn rẹ̀.

Pínpín yìí lè ṣi yín lọ́nà bí ẹ kò bá ṣọ́ra. Aṣọ tí kò tíì pé ọjọ́ 90 lọ́wọ́ yín, ẹ yà á sọ́tọ̀, kò tíì tó ìgbà láti dájọ́ fún un. Ẹ má fi aṣọ òde wé aṣọ iṣẹ́. Ìsọ̀rí kan náà ni kí ẹ máa fi wéra. Ẹ sì má jẹ́ kí olówó pọ́ọ́kú tàn yín: síńgílẹ́ẹ̀tì 10 tí ẹ wọ̀ nígbà 10 kó tó lọ́ bí okùn, wíwọ̀ kan jẹ́ 1, ó jọ èrè, àmọ́ bí ẹ bá wo àtẹ, ẹ máa rí i pé mẹ́rin irú rẹ̀ lẹ rà lọ́dún kan.

Kíka ohun tí àtẹ ń sọ

Ẹ kọ́kọ́ wo owó ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé iye ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Bí aṣọ òde bá gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín, tí òde tí ẹ lọ lọ́dún kò ju 12 lọ, ẹ ti rí ibi tí omi ti ń jò.

Nígbà tí ẹ bá ń wo iye ìgbà wíwọ̀, ẹ má ro ó pọ̀ pín. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 11, tí ẹ wọ ọ̀kan nígbà 90, tí ẹ wọ mẹ́wàá tó kù nígbà mẹ́rin mẹ́rin, ríro pọ̀ pín á sọ fún yín pé nǹkan bí ìgbà 12 ni. Irọ́ ni. Ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sáàárín: ìgbà mẹ́rin ni òótọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀dínwó gba kí ẹ fara balẹ̀. Ká ní ohun mẹ́jọ ni ẹ rà nígbà ẹ̀dínwó, tí iye tó wà lára wọn jẹ́ 400, ẹ sì san 240. Ọkàn yín á sọ pé ẹ jèrè 160. Ẹ wo òpó wíwọ̀: mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ẹ kò wọ̀ rí, owó wọn jẹ́ 110, méjì lẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó wọn jẹ́ 60. Nínú 240 yẹn, 70 péré ló ń ṣiṣẹ́. 160 tí ẹ rò pé ẹ jèrè kò fìgbà kan wọ àpò yín.

Ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín rírà àti àkọ́wọ̀ náà. Aṣọ tí a nílò, a kì í fi í sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì kan lọ ká tó wọ̀ ọ́. Èyí tó bá kọjá ọjọ́ 30, yàtọ̀ sí ti òde àti ti òtútù, ẹ fi àmì sí i.

Ìdí tí ẹ kò fi wọ̀ ọ́

Ẹ má jókòó ro ó, ẹ wọ̀ ọ́. Aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ kì í wọ̀, ẹ gbé e wọ̀ níwájú dígí fún ìṣẹ́jú méjì: ẹ jókòó, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Ìṣòro á fara hàn fúnra rẹ̀: ó há lápá, kò ní ohun tó bá a mu, ó ń yún ara, ara ń hàn nínú rẹ̀, alágbàfọ̀ nìkan ló lè fọ̀ ọ́, tàbí lílọ̀ rẹ̀ máa ń gba ìdajì wákàtí. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà rẹ̀.

Ẹ mọ èyí tó ṣeé tún ṣe. Ó rọrùn fún télọ̀ láti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tàbí láti fún ìbàdí. Èjìká le, torí apá àti ọrùn ló gbé ró. Títún un ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi títún gbogbo aṣọ náà rán. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tú aṣọ kó fẹ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ wo etí aṣọ tó kù sínú ojú rírán. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, kò sí ohun tí télọ̀ fẹ́ rí tú. Bàtà aláwọ lè fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í gùn. Ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, ìdí nìyẹn tí bàtà tí ẹ dán wò láàárọ̀ fi lè máa ta yín ní ìrọ̀lẹ́.

Bí aṣọ ló bàjẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi òwú àti polyester (fọ́nrán àtọwọ́dá) hun pọ̀ sábà máa ń yọ hóróhóró, torí polyester lágbára, kì í jẹ́ kí hóró náà já bọ́. Òwú lásán máa ń súnkì nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, pàápàá nínú omi gbígbóná. Aṣọ tó ń fà ní elastane, fọ́nrán tó ń fà bíi rọ́bà, nínú. Ooru ló ń pa fífà rẹ̀. Báàgì àti bàtà tó jọ awọ àmọ́ tó jẹ́ polyurethane (irú ike kan) máa ń bó, ìtẹ̀lẹ̀ bàtà irú rẹ̀ sì máa ń rún wómúwómú, ìbáà jẹ́ ẹ kò wọ̀ ọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó tọ́jú irú bàtà bẹ́ẹ̀ de ọjọ́ ńlá fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, lójú agbo ni ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ lè jábọ́ sí.

Ìpinnu, àti ọdún tó ń bọ̀

Òkìtì mẹ́ta ni: èyí tí ẹ máa tún ṣe, èyí tó máa jáde, èyí tí ẹ máa wọ̀. Ti àtúnṣe gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 14 àti iye owó tí ẹ ti yà sọ́tọ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó bọ́ sí òkìtì èyí tó máa jáde.

Ẹ má gbìyànjú láti pa gbogbo àṣà yín tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo òpó ìdí, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí aṣọ tí ẹ wọ̀ nígbà 0 pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òfin kan dè é. Bí ẹ̀dínwó bá ni, ẹ má ra ohun tí ẹ kò ti kọ sínú ìwé kan pé ẹ nílò kí ẹ̀dínwó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwòrà bá ni, ẹ kọ orúkọ nǹkan náà sílẹ̀, kí ẹ dúró fún ọjọ́ 30. Bí ìpàrònúrẹ́ bá ni, ẹ yọ nọ́ńbà káàdì yín kúrò nínú áàpù ìrajà. Bí ẹ bá ní láti dìde lọ mú káàdì, ìpinnu náà á tutù díẹ̀.

Owó ọdún tó ń bọ̀, ẹ má fa iye kan yọ látinú afẹ́fẹ́. Ẹ ro owó ohun tí ẹ wọ̀ tó ìgbà 10 pọ̀, kí ẹ fi owó ìpààrọ̀ àwọn tó ti ń di àkísà kún un, kí ẹ pín in sí mẹ́rin, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Aṣọ òde ní àpò tiẹ̀, kó má bàa jẹ owó àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ yí ojú ìkọ́ gbogbo hángà inú kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́yìn. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀, tí ẹ sì fọ̀, ẹ dá a padà pẹ̀lú ìkọ́ tó kọjú síbi tó yẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èyí tí ìkọ́ rẹ̀ ṣì kọjú sẹ́yìn, ẹ gbé e wọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ padà wọlé lọ pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó dá yín padà yẹn ni kí ẹ kọ sí ìlà rẹ̀.